Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ará ìlú bí ìpínlẹ̀ bá gba àkóso ìlú wọn?

Ká sọ ọ́ ní ṣókí, ìbò tí wọ́n dì kò ní lágbára mọ́. Ẹ wo Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, Amẹ́ríkà. Owó tán lápò ìlú náà, ni gómìnà bá yan alábòójútó pàjáwìrì, ẹni tó gba agbára ìgbìmọ̀ ìlú, lé wọn lórí lọ́dún 2011. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ bí àwòrán ara ògiri ni wọ́n rí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nítorí àtiṣọ́wó ná, alábòójútó ní kí wọ́n fi omi tí wọ́n ń rà láti ìlú Detroit sílẹ̀, wọ́n ń fa ti odò Flint, láìfi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi jẹ páìpù sí i. Bí òjé ara páìpù, tó jẹ́ májèlé, ṣe wọnú omi mímu nìyẹn. Kó tó pé ọdún kan, ilé iṣẹ́ General Motors kọ omi náà torí ó ń jẹ irin ẹ́ńjìnnì wọn. Àwọn ọmọdé ṣì ń mu ún o! Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò 7 sí 1 pé kí wọ́n padà sí omi Detroit. Alábòójútó kọ̀ jálẹ̀. Oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà.

Ará Michigan kúkú ti fi ìbò pa òfin tó fún irú alábòójútó bẹ́ẹ̀ lágbára rẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2012. Kí oṣù méjì tó pé, àwọn aṣòfin ti ṣe òmíràn tó jọ ọ́.