Ṣé ọmọ bàbá kan náà ni Jóhanna Sigurðardóttir àti Yrsa Sigurðardóttir?

Rárá o. Sigurðardóttir kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ní Íslándì, orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe orúkọ kejì ọmọ. "Dóttir" ni ọmọbìnrin, nítorí náà kò ju "ọmọbìnrin Sigurður" lọ. Bí Sigurður bá bí ọkùnrin, Sigurðsson ni tiẹ̀. Orúkọ yìí sì wọ́pọ̀ débi pé bí ẹ bá pe Sigurður láàárín èrò níbẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni mẹ́ta ni yóò wẹ̀yìn.

Jóhanna, tí wọ́n bí ní 1942, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di olórí ìjọba Íslándì, láti 2009 sí 2013. Yrsa, ọmọ ọdún 1963, ẹnjiníà ni, ó tún ń kọ ìtàn ọ̀daràn. Èyí tó wá lọ́jú pọ̀ jù ni ti Steinunn Sigurðardóttir: méjì ni wọ́n! Ọ̀kan ń kọ ìwé, èkejì ń ṣe ọnà aṣọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi orúkọ àbísọ to ìwé fóònù níbẹ̀, kí wọ́n tó dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn 2016. Bí ẹ bá ń wá Yrsa nínú rẹ̀ nígbà náà, abẹ́ Y ni ẹ máa lọ.