Sáìtì méjì lórí sáfà kan: kí ló dé tó jẹ́ "Welcome to nginx!" nìkan ló ń jáde?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo gba VPS kékeré kan (sáfà tí wọ́n ń yáni lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó ń lo Ubuntu 22.04, mo fi nginx, ètò tó ń gbé sáìtì jáde, sí i, mo wá fẹ́ kó gbé sáìtì méjì, example.com àti example.org. Mo ti darí dómẹ́ènì méjèèjì sí IP sáfà yẹn, mo sì ti kọ fáìlì wọn sínú sites-available, àmọ́ èyí tó wù kí n ṣí, "Welcome to nginx!" náà ni mò ń rí. Mo ti yọ nginx kúrò, mo tún fi í padà, ibì kan náà ló wà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ káàsán o. Ẹ má yọ ọ́ mọ́, nǹkan kan ò ṣe nginx yín. Ojúewé "Welcome" tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn gan-an ló jẹ́ ká mọ̀ pé dómẹ́ènì yín ti dé sáfà, pọ́ọ̀tù 80 (ẹnu ọ̀nà tí HTTP ń gbà wọlé) ti ṣí, nginx sì ń dáhùn. Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé búlọ́ọ̀kù (apá fáìlì tó ń sọ bí nginx ṣe máa gbé sáìtì kan jáde) tẹ́ ẹ ò fẹ́ ló ń dáhùn.

Bó ṣe ń yan rèé. Tí bíráósà bá kàn sí sáfà, ó máa ń dárúkọ sáìtì tó ń wá, inú hẹ́dà kan (ìlà tó ń ṣáájú ìbéèrè rẹ̀) tó ń jẹ́ Host ló ń kọ ọ́ sí. Nginx á wá mú orúkọ yẹn, á fi wé server_name tó wà nínú búlọ́ọ̀kù server kọ̀ọ̀kan ní pọ́ọ̀tù yẹn, èyí tó bá bá a mu ló máa dáhùn. Tí ìkankan ò bá wá bá a mu ńkọ́? Kò ní sọ pé òun ò rí i o, ṣe ló máa gbé e fún èyí tí wọ́n kọ default_server sí, tí kò bá sì sí ìyẹn, èyí tó kọ́kọ́ kà ló máa lò. Lórí Ubuntu, fáìlì kan tó ń jẹ́ default ti wà nínú sites-enabled látìgbà tẹ́ ẹ ti fi nginx sí i, ó sì ní listen 80 default_server nínú. Òun ló ń gbé "Welcome" yẹn jáde.

Ó jọ pé nginx ò tíì ka fáìlì tẹ́ ẹ kọ rárá. Ibi ìkópamọ́ lásán ni sites-available, inú sites-enabled ni nginx.conf, fáìlì ètò gan-an ti nginx, ní kó ti máa kà. Ẹ kọ fáìlì yín báyìí:

server {
    listen 80;
    server_name example.com www.example.com;
    root /var/www/example.com;
    index index.html;
    location / {
        try_files $uri $uri/ =404;
    }
}

Ẹ má gbàgbé www o, orúkọ ọ̀tọ̀ ni lójú nginx. Ẹ ṣe ti example.org náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi líńkì so wọ́n mọ́ sites-enabled:

sudo ln -s /etc/nginx/sites-available/example.com /etc/nginx/sites-enabled/

Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì yẹn pé pérépéré bí mo ṣe kọ ọ́, torí tẹ́ ẹ bá wà nínú sites-available tẹ́ ẹ kàn kọ orúkọ fáìlì nìkan, ara ẹ̀ ni líńkì yẹn máa tọ́ka sí, nginx á sì máa pariwo "Too many levels of symbolic links".

Ẹ wá tẹ sudo nginx -t. Tí semikólọ̀n kan bá ti sọnù, ó máa sọ fáìlì àti ìlà tó wà fún yín. Ìgbà tó bá sọ pé "syntax is ok" lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tẹ sudo systemctl reload nginx. Mo bẹ̀ yín, reload ni o, kì í ṣe restart: tí àṣìṣe bá wà nínú fáìlì, reload á jẹ́ kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ restart á pa á, kò sì ní lè dìde, gbogbo sáìtì yín á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tó bá ṣì ń ṣe yín ní kàyééfì, ẹ tẹ sudo nginx -T | grep server_name. Gbogbo orúkọ tó wà nínú àwọn fáìlì tí nginx ń kà ló máa tò síbẹ̀. Tí example.org ò bá sí níbẹ̀, ẹ padà lọ wo líńkì yẹn. Kẹ́ ẹ má bàa tún máa rí ohun tí bíráósà ti tọ́jú, orí sáfà fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dán an wò: curl -H "Host: example.org" http://127.0.0.1/

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ wá rí 403 Forbidden tàbí 404 Not Found. Ẹ wo /var/log/nginx/error.log, tẹ́ ẹ bá rí "13: Permission denied", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú /home lẹ kó sáìtì sí. Láti Ubuntu 21.04 ni àlejò ò ti lè wọ fódà home èèyàn mọ́, àlejò sì ni www-data, orúkọ tí nginx fi ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà. Ẹ kó o lọ sínú /var/www. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣe chmod 777, ẹ má dá wọn lóhùn rárá, ṣe lẹ máa ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ sáfà yẹn láti kọ ohun tó wù ú sínú sáìtì yín.

Tẹ́ ẹ bá yọ default kúrò nínú sites-enabled, ẹ rántí pé èyí tó kọ́kọ́ kà ló máa di default, ìyẹn ni pé example.com á máa dá ẹni tó tẹ IP yín lásán lóhùn. Èmi máa ń fi búlọ́ọ̀kù default_server kan síbẹ̀ tó jẹ́ return 444. Ohun tíyẹn ń ṣe ni pé nginx á kàn já ìlà náà láìfèsì.

Tó bá di ti HTTPS, sudo certbot --nginx náà ni (certbot ni ètò tó ń báni gba sátífíkéètì), server_name yẹn náà ló sì máa fi wá búlọ́ọ̀kù tó máa fi sátífíkéètì sí, torí náà ẹ jẹ́ kí pọ́ọ̀tù 80 kọ́kọ́ dáa ná.