Báwo ni mo ṣe lè fọwọ́ rán ẹ̀wù Viking tí màá wọ̀ lọ síbi eré LARP, ìyẹn eré tí àwọn èèyàn ti ń múra bí ẹni inú ìtàn tí wọ́n sì ń ṣe bíi tiwọn?

Ẹ̀wù àwọ̀sókè tí àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ àti jagunjagun àtijọ́ ní àríwá Yúróòpù, ń pè ní kyrtill ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gùn dé itan tàbí orúnkún. Aṣọ onírun àgùntàn ni kẹ́ ẹ rà, aṣọ ọ̀gbọ̀ fún àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ wọ́n kẹ́ ẹ tó gé wọn, torí wọ́n máa ń sún kì.

Iwájú, ẹ̀yìn àti apá, gígé gbọọrọ ni, aṣọ kì í ṣòfò. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ègé onígun mẹ́ta tí ẹ máa fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìbàdí dé ìṣẹ́tí, àti ègé kékeré onígun mẹ́rin lábẹ́ abíyá. Ẹ má fo ti abíyá yìí o: tẹ́ ẹ bá gbé idà sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rírán á ya.

Àwọ̀ ńkọ́? Ewé woad, ewéko kan ní Yúróòpù, ni àwọn Viking fi ń pa aṣọ láró. Èròjà tó ń mú un dúdú bí aró náà ló wà nínú èlú tiwa. Gbòǹgbò ewéko míì tó ń jẹ́ madder ló ń fún wọn ní pupa. Wọ́n rí sílíìkì nínú àwọn sàréè Birka ní Sweden, àmọ́ ti olówó nìyẹn.

Akoto oníwo? Àwọn Viking ò dé e. Ẹ fi sílẹ̀.