Ìbéèrè Yín: Dídáná ní Àgọ́ Ìjọ Lórí Òkè

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí n bá òun gbé nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ní ibùsùn, kí n sì máa dáná lọ́fẹ̀ẹ́ ní àgọ́ ìjọ kan lórí òkè Colorado. Kí ni kí n múra sílẹ̀ fún? Ìyá kan, Òmù-Àrán.

Ìdáhùn: A bá yín yọ̀, mà. Ẹ sọ òtítọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba físà, pé iṣẹ́ ìjọ aláìgbowó ni. Gíga ibẹ̀ ló jẹ wá lógún jù: Leadville, ìlú kan lórí òkè Colorado, ga ju òkun lọ ní mítà tó lé ní 3,000, Ìlọrin kò sì ju nǹkan bí 300 lọ, nítorí náà àlejò lè máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn kékeré, ẹ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Omi ń hó níbẹ̀ kí ó tó gbóná tó ti ilé, ẹ̀wà yóò sì pẹ́ lórí iná.