Àyà ń ta mí bí mo bá ti dùbúlẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọjà Balógun ni mo ti ń ta aṣọ, Agége ni mò ń gbé. Kí n tó bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ délé, aago mẹ́sàn-án ti lù. Bí mo bá jẹun tán tí mo dùbúlẹ̀, àyà á máa ta mí bíi pé wọ́n da ata sí i, omi kíkan á sì gun ọ̀fun mi wá. Aládùúgbò mi ní ulcer ni.

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọjà, mà. Bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, kò jọ ulcer. Ọgbẹ́ ni ulcer, inú àpòlùkù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ló máa ń wà. Tiyín, omi kíkan tí ikùn fi ń da oúnjẹ ló ń padà sókè. Iṣan kan wà lẹ́nu àpòlùkù tó ń fún pọ̀ bí okùn ẹnu àpò. Bó bá dẹ̀, omi náà á rọ́nà gòkè, ọ̀nà ọ̀fun kò sì ní ohun tí àpòlùkù fi ń bo ara rẹ̀.

Ata ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Ó lè dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ni èmi kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ẹni tó jẹ fùfú ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó sùn ní mẹ́wàá, àpò tó kún dẹ́nu ló dà dùbúlẹ̀ yẹn. Ó yẹ kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ àti oorun. Mo mọ̀ pé afárá Third Mainland kò gbọ́ èdè yẹn, nítorí náà ẹ jẹ oúnjẹ gidi ní ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún, kí tilé má ju ẹ̀kọ kan lọ.

Ẹ má to ìrọ̀rí léra. Ikùn ló máa ń ká. Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì mẹ́fà méjì ni kí ẹ dà délẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn níbi orí, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Bí ẹ bá ń lo ibuprofen tàbí aspirin fún ẹ̀yìn dídùn, tàbí àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ sọ fún dókítà yín. Wọ́n wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀. Mílíìkì á tù yín lára díẹ̀, omi kíkan á sì tún pọ̀ sí i.

Ẹ lo omeprazole 20 mg, oògùn tó ń dín omi kíkan ikùn kù, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹun àárọ̀, fún ọjọ́ 14. Òru tí àyà ti ń jó ni ọ̀pọ̀ ń gbé e mì, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tí ẹ ń rù, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni. Àyà tó wúwo, tó ń ro dé apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn sì ń bò yín, ọkàn ni ẹ fura sí: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù oògùn.