Ilé Pọ́ọ́kú, Ìyàwó Mi Ò Fẹ́ Sùn Níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A rí ilé kan rà ní ìgbèríko, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ló yí i ká. Iye tí wọ́n pè é kò tó ìdajì iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní abúlé kejì. Ìyàwó mi gbọ́ pé kólékólé wọ ilé méjì lójú ọ̀nà yẹn lọ́dún tó kọjá, ló bá fàáké kọ́rí pé òun ò ní sùn níbẹ̀. Alágbàtà ní àhesọ lásán ni, pé ibi tí èèyàn ò pọ̀ sí kì í lólè. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ṣé kí n jẹ́ kí ọjà yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ lo fi kókó ọ̀rọ̀ sí: o kì í sábà gbélé. Ìyàwó rẹ ló máa dá sùn síbẹ̀, nítorí náà ohùn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wúwo jù, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti alágbàtà.

Òótọ́ ni pé olè lè má pọ̀ níbi tí èèyàn ò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ojú tó ń ṣọ́ni náà ò pọ̀. Ẹni tó bá fọ́ ilé tó dá dúró lè fara balẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́ láìsí ẹni tó máa bi í pé níbo ló ń kó o lọ.

Má jẹ́ kí ìṣirò kó ọ láyà jẹ. Bí ilé bá jẹ́ 40 lábúlé, tí wọ́n fọ́ 2, ìdá 5 nínú 100 nìyẹn; bí wọn ò bá fọ́ ẹyọ kan lọ́dún tó ń bọ̀, ó di òdo. Ohun tó yẹ kí o wádìí ni pé irú ilé wo ni wọ́n wọ̀, ṣé onílé wà ńlé, kí ni wọ́n kó? Olè tó ń yọ wáyà àti ẹ̀rọ omi nínú ilé tó ṣófo yàtọ̀ sí èyí tó ń já ilẹ̀kùn mọ́ onílé lórí. Àgádágodo, iná àti aládùúgbò rere lè dènà ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ èkejì, sá fún un.

Lọ síbẹ̀ lálẹ́, láìsí alágbàtà. Wo férémù ilẹ̀kùn àwọn ará ibẹ̀. Bí o bá rí igi tuntun tí wọ́n fi dí ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, tí ìyókù férémù sì ti gbó, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti já ilẹ̀kùn yẹn rí. Tí o bá rí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ́ tó sùn síta láìsí ṣéènì, ọkàn àwọn ará ibẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Dúró nínú yàrá tí ìyàwó rẹ máa sùn, kí o pe ẹnì kan lórí fóònù. Wakọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá dé ẹnu géètì, kí o máa wo aago. (Ní tèmi, ìjàmbá iná àti àìsàn òru ló yẹ kó bani lẹ́rù ju olè lọ nírú ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà sí mi nípa wọn rí.)

Owó wá kàn. Kí o tó san ohunkóhun, béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò méjì mẹ́ta iye tí wọ́n máa gbà lórí ilé náà. Owó tiwọn ló wà nínú ewu, wọn ò ní fi dídùn ẹnu tàn ọ́. Yọ owó ọgbà, iná àti ilẹ̀kùn irin kúrò nínú èrè tí o rò pé o jẹ. Ẹ̀rù tó ń ba ìyàwó rẹ lónìí á ba ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ lọ́la, ìwọ náà á wá dín owó fún un. Jẹ́ kí agbẹjọ́rò wò ó pẹ̀lú bóyá orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀nà tó wọbẹ̀ gbà, torí ó lè má jẹ́ olè rárá ló mú un pọ́ọ́kú.

Bẹ onílé kó fi ilé náà háyà fún yín fún oṣù mẹ́ta ná, kí ó bọ́ sí ìgbà tí o máa rìnrìn àjò. Bó bá kọ̀, tó tún ń lé ọ léré pé ẹlòmíràn ti ń kó owó bọ̀, jẹ́ kí ẹlòmíràn náà san án.