Ta Ni Yóò Fọwọ́ sí Ìwé Ẹrù Yín ní Bissau?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Oníkajú ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin kan ní kí a jọ lọ ra kajú ní Guinea-Bissau, kí a kó o láti ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Ọmọ mi fárígá. Ó ní oògùn olóró ti sọ ìjọba ibẹ̀ di yẹpẹrẹ, pé àwọn ṣọ́jà kì í jẹ́ kí ìjọba kan jókòó. Ọkùnrin náà ní kò sí ogun níbẹ̀, ọjà ń lọ déédéé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Mà, àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi gba àlàyé.

Kò sí ogun ní Guinea-Bissau lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó kokéènì kì í wá ìlú tí ogun ti tú ká. Níbi tí ìjọba kò bá sí rárá, ta ni yóò jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ta ni yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ẹrù? Ìjọba tí wọ́n ń wá ni èyí tó ní pápákọ̀, tó ní ọkọ̀ ojú omi, tó ní òǹtẹ̀, àmọ́ tí kò rí owó oṣù san. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ṣeé yá lò.

Guinea-Bissau bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìbọn ni àwọn ará ibẹ̀ fi gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Pọtogí, tí wọ́n gbà á pátápátá ní 1974, àwọn ológun kò sì fi ìṣèlú sílẹ̀ láti ìgbà náà. Kajú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń tà sí òkè òkun, nítorí náà bí iye kajú bá wálẹ̀, àpò ìjọba gbẹ. Etíkun wọn ni àwọn erékùṣù Bijagós wà, wọ́n lé ní 80, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn kò gbé. Ẹrù tó ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí Yúróòpù wá ríbi sinmi.

Ní 2006, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ gba kokéènì tó tó kílò 674. Wọ́n kó o sí ilé ìṣúra ìjọba, ibẹ̀ ló sì ti pòórá. Lẹ́yìn irú èyí, ọlọ́pàá wo ni yóò tún fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu? Bí owó náà ṣe tóbi tó ló ń fà á. Tọ́ọ̀nù kan péré, ní iye tí wọ́n ń tà á ní Yúróòpù, lè ju owó tí ìjọba náà ń ná sórí ọmọ ogun rẹ̀ lọ́dún kan. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ipò ọ̀gá ológun ti di ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ pànìyàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2009, bọ́ǹbù pa olórí ọmọ ogun, Ọ̀gágun Batista Tagme Na Waie. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà pa Ààrẹ João Bernardo Vieira. Ìkùnsínú ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà láàárín àwọn méjèèjì, n kò sì ní sọ pé kokéènì nìkan ló pa wọ́n; àmọ́ ó mú kí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí wúwo sí i. Àwọn ológun gbàjọba ní oṣù Kẹrin 2012, nígbà tí ìdìbò ààrẹ kò tíì parí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún Amẹ́ríkà díbọ́n bí oníṣòwò oògùn, wọ́n fi mú José Américo Bubo Na Tchuto lójú òkun, ẹni tó ti jẹ́ olórí àwọn ológun orí omi rí. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ láti Venezuela pẹ̀lú kokéènì tó ju tọ́ọ̀nù 2.6 lọ, kì í ṣe nínú igbó, pápákọ̀ Bissau, olú-ìlú wọn, gan-an ni. Wọ́n mú un. Ní oṣù Kọkànlá 2025, àwọn ológun tún gbàjọba.

Àwọn àgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ rajà lọ́wọ́ wọn kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ó máa ń dùn mí bí a bá fi ẹ̀sùn yìí kan gbogbo ará ìlú, torí àwọn ló ń jìyà rẹ̀ jù, àwọn ni olùkọ́ ọmọ wọn ń yanṣẹ́ lódì nítorí owó oṣù.

Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹ má kàn jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín di kọ̀ǹténà lẹ́yìn yín. Kí ẹnì kan yín dúró títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára sílì, ìyẹn èdídì ilẹ̀kùn náà, kí ẹni tó máa gbà á lọ́hùn-ún sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣí i. Báńkì ni kí owó gbà. Bí ẹnì kan bá ń ra kajú ní iye tó ju ti ọjà lọ, tó sì ń san owó dọ́là lọ́wọ́, ẹ sá fún un: owó tó fẹ́ fọ̀ mọ́ ló ń kó kiri, kajú kọ́ ló ń wá. Ẹ rántí pé orúkọ yín ni yóò wà lórí ìwé ẹrù. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá kó kokéènì wọlé tàbí tó kó o jáde. Vietnam, tí kajú tí a kò tíì pa sábà ń lọ, ṣì ń dájọ́ ikú fún oníṣòwò oògùn olóró.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi ọkùnrin náà léèrè ta ni yóò bá yín gba ìwé ẹrù jáde ní èbúté Bissau. Bí ó bá dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì, tó sì ń já ìwé owó fúnni, ẹ lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá ní ọ̀gá ṣọ́jà kan wà tó máa bá wa ṣe é kíákíá, ẹ má fi owó yín sí i.